Rise of Skywalker ti parí, ọ̀rọ̀ Finn kò tíì parí (bí ẹ kò bá tíì wò ó, ẹ má kà á)

AkọrinÌràwọ̀ · 21 Oṣù Kejìlá 2019

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí ẹ kò bá tíì wo The Rise of Skywalker, ìpín kẹsàn-án ìtàn Star Wars, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún èyí títí ẹ ó fi wò ó, kí n má ba adùn rẹ̀ jẹ́ mọ́ yín lẹ́nu.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wò ó. Lẹ́ẹ̀kíní, omi bọ́ lójú mi nígbà tí Chewbacca, ẹ̀dá gíga onírun yẹn, gbọ́ ikú Leia, ọ̀gá àwọn tó ń bá ìkà jà, tó wó lulẹ̀ tó ń ké. Lẹ́ẹ̀kejì, Finn ni mo tẹ ojú mọ́. Gbogbo ohun tó ṣe ni mo ń kà. Ó sáré, ó yìnbọn, ó pariwo orúkọ Rey, akọni obìnrin inú ìtàn náà. Ó pariwo orúkọ Rey títí mo fi ń bi ara mi pé ṣé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un nìyí.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí wọ́n ti mú un bọ̀. Nínú The Force Awakens lọ́dún 2015, kò lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n ń pè é, FN-2187. Láti kékeré ni First Order, ẹgbẹ́ ogun àwọn ìkà, ti jí i gbé kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, tí wọ́n fi ogun tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n kó wọn lọ sí abúlé kan lórí ayé kan tí ń jẹ́ Jakku, wọ́n ní kí wọ́n yìnbọn pa àwọn ará abúlé. Ẹ̀jẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ wà lójú àṣíborí rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì yìnbọn. Láti 1977 ni a ti ń wo àwọn ọmọ ogun aláṣọ funfun yẹn bí ẹni ń wo èèrà. Bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni à ń pàtẹ́wọ́. Finn bọ́ àṣíborí, ó di pé ọmọ ẹnìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Nínú tuntun yìí, wọ́n gbé Jannah jáde lórí Kef Bir. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ogun First Order ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n yìnbọn lu aráàlú, gbogbo wọn sì jùmọ̀ ju ìbọn sílẹ̀. Àyà mi ń lù kìkì. Mo ní ó dé, ohun tí a ti ń retí láti ọdún mẹ́rin nìyí. Finn máa pe àwọn tó kù. Ó máa sọ fún wọn pé àwọn náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n òun àti Jannah sọ̀rọ̀ ṣókí, ó tán. Lẹ́yìn náà ó padà sí yíyìnbọn pa àwọn aláṣọ funfun, àfi bíi pé kò gbé irú aṣọ yẹn wọ̀ rí.

Kí ló sì fẹ́ sọ fún Rey nígbà tí yanrìn ń gbé wọn mì lórí Pasaana? Wọ́n bi í léèrè, ó ní ó di ìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn kò dé.

John Adedayo Bamidele Adegboyega, tí gbogbo ayé ń pè ní John Boyega, ọmọ wa ni. Mi ò sẹ́ ẹ pé ó kún ìbínú mi. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ wa, ohun tí wọ́n ṣe sí Finn á ṣì máa dùn mí.

Tanímọ̀la · 21 Oṣù Kejìlá 2019

Ẹ̀gbọ́n, àtúnṣe kékeré. Àwọn clone, ọmọ ogun tí wọ́n ṣe ní ẹ̀dà ẹnìkan ṣoṣo, ti bọ́ àṣíborí fún wa láti 2002, a rí ojú wọn. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, mo gbà pé kò jọ ti Finn.

Ọmọ Rebel · 21 Oṣù Kejìlá 2019

Mo gbà pé wọn kò fún Finn ní ohun tó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà níwájú J.J. Abrams tó darí fíìmù náà. Ìṣẹ́jú 142 ló ní láti fi parí ohun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977. Ó ní láti sin Leia. Ó ní láti dá Ben Solo, ọmọ Leia tó di ìkà tí ń jẹ́ Kylo Ren, padà sílé. Ó mú Lando, akọni àtijọ́ yẹn, padà wá, Billy Dee Williams fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ bí ère. Ní tèmi, fíìmù náà dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò ní tọrọ àforíjì fún un.

Ẹ rántí ìgbà tí gbogbo nǹkan ti dàrú lójú sánmà Exegol níbi ogun ìkẹyìn, tí Poe, ọ̀rẹ́ Finn tó ń darí ogun náà, ń bẹ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n foríjì òun. Lando yọ, ọkọ̀ sì kún ojú sánmà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá àwọn ọ̀tá ń béèrè pé níbo ni wọ́n ti rí irú ẹgbẹ́ ogun yìí. Ẹni tó dúró tì í sọ fún un pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ogun, èèyàn lásán ni. Mo dìde lórí ìjókòó. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní kí n jókòó, òun náà sì ti dìde.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí fíìmù náà ń sọ. Ohun tó jẹ́ kí First Order lágbára ni pé kálukú rò pé òun nìkan ló ṣẹ́kù.

AkọrinÌràwọ̀ · 21 Oṣù Kejìlá 2019

Ọmọ Rebel, ibi tí o fẹ́ràn yẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ. Ìdí tí mo fi ń pariwo gan-an nìyẹn. Èèyàn lásán dé láti gbogbo ìràwọ̀, ó dára. Èèyàn lásán tó wà nínú aṣọ funfun ńkọ́? Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá yẹn ń jábọ́, a pàtẹ́wọ́, fíìmù náà kò sì fi ìṣẹ́jú kan bi ara rẹ̀ pé ta ló wà nínú wọn. Finn ló yẹ kó béèrè. Òun nìkan ni ìbéèrè yẹn tọ́ sí nínú gbogbo wọn, orí òrùlé ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ló sì wà.

Màmá Leia · 22 Oṣù Kejìlá 2019

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Lọ́dún 1983 ni mo kọ́kọ́ wo Return of the Jedi, mo sì ti ń tẹ̀lé wọn láti ìgbà náà. Mi ò ní bá yín jà lórí Finn, òtítọ́ lẹ ń sọ. Ohun tí mo bá wá yàtọ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni yóò pé ọdún mẹ́ta tí Carrie Fisher, ẹni tó ń ṣe Leia, kú. Wọn kò wá ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ti ṣe sílẹ̀ nígbà The Force Awakens, tí wọn kò lò nígbà yẹn, ni Abrams kó jáde, ó sì kọ ọ̀rọ̀ àwọn tó kù yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká. Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ Leia kò pọ̀, àwọn yòókù ló ń tọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Àwọn kan ti ń sọ pé ó hàn sí àwọn jù. Ó hàn sí èmi náà. Mo rí i bí ẹni tó ti rìnrìn-àjò tí àwọn ará ilé ṣì ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Billie Lourd, ọmọ tó bí, wà nínú fíìmù náà, òun ni Connix tó ń sáré káàkiri ibùdó. Ọmọ ń bá ìyá rẹ̀ tó ti kú ṣeré. Mi ò lè fi ojú lámèyítọ́ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo Chewbacca. Ní 1977, wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ Luke, ẹ̀gbọ́n ìbejì Leia, lọ́rùn, wọ́n kọ́ ti Han, bàbá Ben Solo, Chewbacca dúró tì wọ́n, ọrùn rẹ̀ ṣófo. Ọdún 42 ni ọrùn yẹn fi ṣófo. Àná ni mo rí i tí Maz Kanata, ọ̀rẹ́ wọn, fi àmì-ẹ̀yẹ lé Chewbacca lọ́wọ́.

Àdùkẹ́ Wookiee · 22 Oṣù Kejìlá 2019

Màmá, ẹ ti pa mí lẹ́kún. Ẹ ṣé.

Ẹ sì rí bàbá arúgbó tó wà nílé ọtí lórí Kijimi? John Williams ni. Òun ló ṣe orin gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, láti 1977 dé àná. Ẹni ọdún 87 ni.

Tanímọ̀la · 22 Oṣù Kejìlá 2019

Èmi, Palpatine, olú ọba ìkà tí wọ́n tún jí dìde, ni mi ò lè gbé mì. Darth Vader, bàbá Luke, gbé e jù sínú kòtò ní 1983, ìyẹn sì ni ohun rere tí Vader fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe. Ó ra ọmọ rẹ̀ padà, ó sì pa ìkà. Bí Palpatine kò bá kú, kí ni Vader wá kú fún?

Wọn kò tilẹ̀ ṣàlàyé. Poe kàn ní ó ti padà wá lọ́nà kan ṣá. Ìhìn tí ìwé ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ní gbogbo àgbáyé gbọ́ láti ẹnu rẹ̀, inú géèmù Fortnite ni wọ́n ti gbé e jáde ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àwa tí a kì í ta géèmù náà, a dé sinimá, a bá ọ̀rọ̀ ní ìdajì.

Ayékòótọ́ · 22 Oṣù Kejìlá 2019

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wà lọ́kàn tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú The Last Jedi lọ́dún 2017, Kylo Ren sọ fún Rey pé àwọn òbí rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, pé wọ́n tà á kí wọ́n lè rówó mutí. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ronú sí i, ó ń tù mí lára. Láti 1980 tí Vader ti sọ fún Luke pé òun ni bàbá rẹ̀, ilé kan ṣoṣo ló ti gba gbogbo ìtàn yìí. Bí èèyàn bá ní Agbára, agbára àìrí tí wọ́n ń pè ní the Force, a ó máa wá bàbá rẹ̀ kiri. Rian Johnson tó darí The Last Jedi ní rárá, Agbára kì í ṣe ogún. Ó wá fi ọmọdékùnrin kan parí fíìmù rẹ̀, ẹrú tó ń tọ́jú ẹran ìje. Ọmọ náà na ọwọ́, ìgbálẹ̀ rọra sún wá bá a. A kò mọ bàbá rẹ̀. Kò pọn dandan ká mọ̀ ọ́n. Mo kúrò ní sinimá lọ́jọ́ náà, mo ní ìtàn yìí ti wá di ti gbogbo wa.

Ọdún méjì péré, wọ́n ní Rey, ọmọ-ọmọ Palpatine ni. Wọ́n ní àwọn òbí rẹ̀ tà á láti fi dáàbò bò ó ni. Nítorí náà ìdí tó fi lágbára ni pé bàbá bàbá rẹ̀ lágbára. A padà sílé kan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé a gba ẹnu-ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Ní òpin pátápátá, ó gun orí iyanrìn Tatooine lọ, ó ri àwọn idà ìmọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, arúgbó kan bi í pé ta ni. Ó ní Rey. Arúgbó ní Rey ọmọ ta? Ó ní Rey Skywalker, orúkọ ìdílé Luke. Èmi ì bá fẹ́ kó dáhùn pé Rey, kó sì dákẹ́. Ó tó orúkọ.

Àdùkẹ́ Wookiee · 22 Oṣù Kejìlá 2019

Ẹ̀gbọ́n Ayékòótọ́, ẹ má bínú, mo ta ko yín lórí èyí.

Ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni, ìbànújẹ́ ló ní. Ọmọ tó jáde láti ilé ìkà tó sì kọ ìkà, ìpinnu ló ní. Palpatine jókòó lórí ìtẹ́, ó ní wá gbà á, tìrẹ ni, ẹ̀jẹ̀ mi ni ọ́. Rey kọ̀ ọ́. Ẹ wo ẹnìkejì rẹ̀. Ben Solo, ọmọ Leia, ọmọ-ọmọ Anakin tó di Vader, ẹ̀jẹ̀ Skywalker tòótọ́, òun ló gún bàbá rẹ̀ pa ní 2015. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ náà sọ orúkọ nù, ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ náà gbé e nílẹ̀. Bí fíìmù yìí bá fẹ́ sọ pé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń ṣe èèyàn, báwo lẹ tún ṣe fẹ́ kó sọ ọ́?

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ó yan ìjánu tí yóò fa òun sẹ́yìn bí ẹ̀jẹ̀ Palpatine bá tún pè é.

Ayékòótọ́ · 22 Oṣù Kejìlá 2019

Àdùkẹ́, o sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í fúnra rẹ̀ sọ ara rẹ̀ lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọjá lọ tó kàn ń mú orúkọ ìdílé tó wù ú.

Màmá Leia · 22 Oṣù Kejìlá 2019

Ayékòótọ́, tún ibẹ̀ wò. Kí ó tó dáhùn, ó gbé ojú sókè. Luke àti Leia dúró sí òkèèrè, nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn tó rí wọn ló tó dárúkọ. Àwọn tó ni orúkọ ló fi ojú fún un ní orúkọ. Ní tèmi, ìsọmọlórúkọ ni mo wò lọ́jọ́ náà, àwọn òbí sì pé.

Ayékòótọ́ · 23 Oṣù Kejìlá 2019

Mo tún lọ wò ó lálẹ́ àná nítorí ọ̀rọ̀ yín, màmá. Òótọ́ ni. Ojú ló kọ́kọ́ gbé sókè.

Mi ò tíì fara mọ́ Palpatine. Ṣùgbọ́n mo gba orúkọ náà.

Àdùkẹ́ Wookiee · 23 Oṣù Kejìlá 2019

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ ti àwọn tí wọ́n gbàgbé: Rose ńkọ́? Lọ́dún 2017 Kelly Marie Tran, ẹni tó ń ṣe Rose, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó gbé fíìmù náà ró. Àwọn kan tó ń pe ara wọn ní olólùfẹ́ ìtàn yìí bú u lórí Instagram títí ó fi pa gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ rẹ́ lọ́dún 2018. Nínú tuntun yìí, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni gbogbo ìgbà tí a rí i. Wọ́n ní kí ó dúró sí ibùdó kí ó máa wo àwòrán ọkọ̀ ọ̀tá. Kì í ṣe pé mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni bó ṣe rí lójú àwọn tó bú u. Wọ́n rò pé àwọn ti borí.

Ọmọ Rebel · 23 Oṣù Kejìlá 2019

Lórí ti Rose, mi ò ní àwíjàre kankan láti fún ẹnikẹ́ni. Ó burú.

Ọmọ Rebel · 18 Oṣù Kìíní 2020

Ẹ kú ọdún tuntun. Mo padà wá nítorí ẹ̀gbọ́n Akọrin.

Ìwé eré tí Colin Trevorrow àti Derek Connolly kọ fún ìpín kẹsàn-án, kí Trevorrow tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ní 2017, ti bọ́ síta. Nínú tiwọn, Rey kì í ṣe ọmọ-ọmọ Palpatine. Finn wà ní Coruscant, òun ló ń ru àwọn èèyàn sókè sí First Order. Mo kà á, mo sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn fíìmù tí a rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń sọ fún yín pé kò sí àyè fún Finn, pé ìtàn náà ti kún. Àyè wà. Ẹnìkan ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

AkọrinÌràwọ̀ · 18 Oṣù Kìíní 2020

O ṣé tí o padà wá sọ ọ́. Mo ti kà á. Ibi ti Finn ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Tanímọ̀la · 3 Oṣù Kẹsàn-án 2020

Ẹ ti ka ohun tí Boyega sọ fún ìwé ìròyìn GQ? Ó ní ohun tí òun máa sọ fún Disney, ilé-iṣẹ́ tó ni Star Wars, ni pé kí wọ́n má ṣe gbé èèyàn dúdú jáde, kí wọ́n fi polówó bíi pé ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn ju bó ṣe jẹ́ lọ, kí wọ́n wá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo rántí fídíò kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ fi jáde ní Oṣù Kọkànlá 2014. Aṣálẹ̀ òfìfo, lójijì ojú Boyega yọ, òógùn bò ó. Ojú àkọ́kọ́ tí a rí nìyẹn. Lórí pátákó ìpolówó 2015, òun ló di idà ìmọ́lẹ̀ mú. Gbogbo wa rò pé Jedi ni, jagunjagun tó ń lo Agbára. Ẹ̀gbọ́n Akọrin, ohun tí ẹ sọ níbí ní Oṣù Kejìlá, ẹni tó wọ aṣọ náà gan-an ti wá sọ ọ́.

AkọrinÌràwọ̀ · 3 Oṣù Kẹsàn-án 2020

Mo kà á láàárọ̀ yìí. Mi ò láyọ̀ rárá pé mo jàre. Mo rò pé Finn nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ ni, àṣé ọmọkùnrin tó ń ṣe Finn náà ń rí gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àdùkẹ́ Wookiee · 8 Oṣù Kẹrin 2023

Ẹ jí o! Wọ́n kéde rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lánàá. Daisy Ridley ń padà bọ̀ bíi Rey, Sharmeen Obaid-Chinoy ni yóò darí rẹ̀. Ọdún 15 lẹ́yìn ìpín kẹsàn-án ni ìtàn náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, Rey ń kó àwọn Jedi tuntun jọ. Ẹ̀gbọ́n Ayékòótọ́, Skywalker tí ẹ gbà níjọ́sí ti fẹ́ dá ilé sílẹ̀!

Ayékòótọ́ · 8 Oṣù Kẹrin 2023

Kí ó lọ wá ọmọ tó ní ìgbálẹ̀ yẹn. Òun ni kó kọ́kọ́ mú.

AkọrinÌràwọ̀ · 9 Oṣù Kẹrin 2023

Mo ka gbogbo ìkéde náà. Wọn kò dárúkọ Finn.

Mi ò tún bèèrè ogun ńlá fún un mọ́. Mi ò bèèrè pé kó di ọ̀gá Jedi. Ohun kan péré ni mo fẹ́. Kí ó wọ ibi tí Rey ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lẹ́kọ̀ọ́, kí irun rẹ̀ ti ní ewú díẹ̀, kí Jannah àti àwọn tó bọ́ àṣíborí tẹ̀lé e wọlé, kí Rey fà á jókòó, kó sì bi í pé lọ́jọ́ yẹn, nínú yanrìn, kí lo fẹ́ sọ fún mi? Kí kámẹ́rà má kúrò lójú rẹ̀ títí yóò fi dáhùn.